Òjò Tí A Fi Fọ Ògiri

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, òun ló tẹ̀lé Kérésìmesì tí àwọn sójà gbàjọba ní Abidjan. Èmi kò kàwé, n kò lè fi nọ́ńbà sọ ọdún fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà náà á rántí Kérésìmesì yẹn. A dáná ọdún, a kò rójú jẹ ẹ́. Gbogbo ènìyàn tilẹ̀kùn mọ́rí, rédíò nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ sọ pé ọdún 2000 ni. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ọdún ògiri ni.

Gonzagueville, lẹ́bàá Abidjan, là ń gbé, níbi tí òkun ti súnmọ́ ilé débi pé bí o bá sá aṣọ, á le gbagidi kó tó gbẹ. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Èmi ń ta abọ́ tánganran, èyí tó ní òdòdó nínú àti èyí tí kò ní. Ọmọ mẹ́ta la bí síbẹ̀. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí o bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Faransé ni wọ́n fi ń dá ọ lóhùn. Èyí àgbà nínú wọn, obìnrin ni, ó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò ńlá tí wọ́n ń pè ní bac. Nínú ìdílé ọkọ mi àti nínú tèmi, kò tíì sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí.

Ilé tí à ń gbé, àwa la kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ bá ti dẹ̀ sí. Yanrìn etí òkun la fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ó wà nítòsí, gbogbo àdúgbò ló sì ń lò ó. Bíríkìlà pàápàá kò sọ pé ó ní ohun tó ń ṣe é. Ilé dúró, ó gba òjò, ó gba oòrùn. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ògiri inú ilé ń hu ewú. Bí o bá fọwọ́ nù ún lówùúrọ̀, ìyẹ̀fun funfun á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti hu òmíràn. Ọkọ mi á ní ògiri yìí ti dàgbà ju òun lọ, kí àwọn ọmọ máa kí i kí wọ́n tó jókòó. A fi ṣe ẹ̀rín. Kíkùn tó yẹ kí a kùn ún, ọdọọdún là ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn Kérésìmesì àwọn sójà yẹn ni ẹnu àwọn ènìyàn yí padà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ní Ànàgó, kò dùn wá, torí ẹni tó pè ọ́ ní Ànàgó á tún ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ, á tún bi ọ́ bí ọmọ rẹ tí kò yá ṣe sùn. Lọ́dún yẹn, ohun tí wọ́n ń bi wá ni ìgbà tí a máa lọ sílé. Bí ọkọ mi bá wọ ọkọ̀, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á yẹ ìwé ìgbélùú rẹ̀ wò níwá lẹ́yìn bí ẹni ń wo ẹja bóyá ó ti rà. Ó wá di ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà fa tirẹ̀ ya sí méjì níṣojú rẹ̀, ó sì dá a padà fún un.

Ọkọ mi wọlé, ó to ìwé tó ya náà sórí tábìlì, ó tò ó bí ẹni pé ó fẹ́ kó so padà. Kò pariwo. Ó ní, "Ilé là ń lọ."

Ó ní òun á ta ilé yìí, a ó kó ẹrù wa, a ó padà sí ìlú tí òun ti kúrò nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. N kò bá a jiyàn. A kì í bá ọkùnrin tí wọ́n fa ìwé rẹ̀ ya lójú jiyàn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọbìnrin mi, ó tẹrí sínú àwo oúnjẹ, kò jẹun, kò sì gbórí sókè. Ẹni tó fẹ́ ṣe bac ní Faransé lọ́dún tó ń bọ̀, tí wọ́n bá gbé e dé ilé, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti A, B, C, láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i. Ohun tí mo fẹ́ lọ́dún yẹn kò ju méjì lọ: kí ọmọ yìí jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀, kí ààrò mi sì wà níbi tó wà.

Kò pẹ́ tí ẹni tó fẹ́ ra ilé fi dé. Ọkùnrin kan ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó, àwọn òbí rẹ̀ ti wá láti Benin nígbà ayé àwọn Faransé, ìlà ṣòkòtò rẹ̀ mú bí abẹ. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo páànù, ó yọjú wo kànga. Nígbà tó dé pálọ̀, ó ní ilé náà dára, àmọ́ ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó ní kí a kùn ún, òun á mú ìyàwó òun wá wò ó.

Ọkọ mi pe akunlé kan. Mo ní ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọ ewú yẹn kúrò. Akunlé ní ọ̀dà á bò ó, ọkọ mi náà ní ọ̀dà á bò ó, àwọn méjèèjì ló ń kánjú. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó sì dára, n kò ní purọ́. Àwọn ọmọ ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀ bí ẹni wà nílé onílé. Kò ju ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò, bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ìgbà tí ọkùnrin Cocody mú ìyàwó rẹ̀ dé, ó fara ti ògiri bó ṣe ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó dìde, odindi abala ọ̀dà kan tó fẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá a dìde, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fà á kúrò, ó gbé e sókè wò, ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó ní, "Ilé yìí mà fẹ́ràn rẹ o. Ó ti ń bá ọ lọ kí o tó rà á."

Wọn kò padà wá mọ́.

Ọkọ mi ránṣẹ́ pe akunlé, inú ń bí i. Akunlé wá, kò tilẹ̀ jà. Ó fi èékánná ha ògiri, ó ní iyọ̀ ni, inú ògiri ló wà, inú ló sì ti ń jáde. Ó ní tí a bá fẹ́ kó dúró, ká ha gbogbo rẹ̀ títí kan sìmẹ́ńtì, ká fọ̀ ọ́, ká jẹ́ kó gbẹ, ká máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí kò ní mú ohunkóhun jáde mọ́. Ìgbà náà ni òun á wá fi enduit dí ojú ihò, òun á fi bébà oníyanrìn dán an, òun á kun ọ̀dà àkọ́kùn tí wọ́n ń pè ní impression, kí ọ̀dà gidi tó hàn. Ó ní iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ yẹn ló gùn, òun kò lè fi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ tìtorí rẹ̀. Kí a pe òun tí ògiri bá ti ṣe tán.

Ọkọ mi ní òun á kúkú ta á bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Ilé tó bá ń bó, ẹ̀gàn ni wọ́n máa fi rà á."

Ó wò mí. "Ìwọ? O fẹ́ di akunlé?"

Mo ní obìnrin ló ń ṣe é nílé wa. Òótọ́ sì ni. Ní ilé ìyá-ìyá mi, ògiri amọ̀ ni gbogbo agboolé, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn obìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. A ó ha èyí tó ti gbó kúrò, a ó pọn omi kànga, a ó fi wọ́n ògiri títí á fi mu yó, kí a tó fi àtẹ́lẹwọ́ ra amọ̀ tuntun sí i. Ìyá-ìyá mi máa ń sọ pé ògiri tí òùngbẹ ń gbẹ kì í gba àlejò. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, àmọ́ tí òjò ọdún yẹn bá fi dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé mo ti ṣe é tán, ẹni tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ni òun á tà á fún.

Mo mọ̀ pé tí ògiri bá tètè parí, ilé á tètè lọ. Mo tún mọ̀ pé inú ilé tó ń bó, ọkàn ọkùnrin kò lè balẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ wà nínú mi, n kò mọ èyí tí màá tẹ̀lé. Mo kàn mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí akunlé fi sílẹ̀ fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Ọmọbìnrin mi ń bá mi ṣe é tó bá ti dé láti ilé ìwé. A ó fi gèlè àtijọ́ di imú àti ẹnu, ojú wa nìkan ló ń hàn, eruku funfun á sì bo ìpéǹpéjú wa. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ń kà sí ògiri létí bó ṣe ń ha, ní Faransé, ọba báyìí, odò báyìí. Èyí tó yé mi nínú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tó bá fò. Màá ní, "Padà sẹ́yìn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lo kà á lánàá." Á bú sẹ́rìn-ín, á sì padà sẹ́yìn.

A ha á tán, a pọn omi kànga inú àgbàlá wa, a fọ ògiri láti òkè dé ilẹ̀, ó mu yó bí ìyá-ìyá mi ṣe ní kó mu yó. A ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ó gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ewú yọ. Mo ní ó kù díẹ̀ ni, a tún un fọ̀. Ewú tó yọ lẹ́ẹ̀kejì nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tún un fọ̀. Ó wá dà bí irùngbọ̀n.

Ọkọ mi dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó kàn ń wò wá. "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ̀ ń fọ ewú yìí ni, àbí ajílẹ̀ lẹ̀ ń fi sí i?"

Kò mọ̀ pé òtítọ́ lòun sọ. Èmi náà kò tíì mọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọjọ́ ọkọ̀, ó ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù gba Ghana kọjá. Ọmọbìnrin mi ń gbọ́. Ó ń ha ògiri lọ, àmọ́ kò kàwé sí i létí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti obìnrin ilé kejì. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, ìdílé apẹja etí òkun, ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń fi pákó gbé ilé wa ró la ti mọra. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, ẹ̀gbọ́n; bí mo bá pe "ẹ̀gbọ́n mi" láti ẹ̀gbẹ́ ògiri tó wà láàárín àgbàlá wa, á jẹ́ mi. Ẹja tó bá yan, mo mọ adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, bí mo bá kí i, orí ló ń mì sí mi. Nígbà tó yá, n kò pè é mọ́. Mo rò pé òun náà ń retí ọjọ́ tí a máa lọ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń fa omi ní kànga, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní kí ni à ń ha nínú ilé láti ọjọ́ yìí bí eku tó wọ àká. Mo sọ fún un. Mo sọ ti ewú, mo sọ pé bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń pọ̀ sí i. Mo rí i tó gba ẹnu géètì wọlé, ó tẹ ìka bọ inú bókẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ó lá a. Ó wò mí bí a ṣe ń wo ọmọdé tó wọ bàtà òdì.

"Tantie," ìyẹn àǹtí, ló ń pè mí, "iyọ̀ lo fi ń fọ iyọ̀."

Mo ní omi kànga mi kò níyọ̀.

"Lẹ́nu rẹ ni kò ti níyọ̀, torí o ti pẹ́ níbí. Òkun ló wà nísàlẹ̀ kànga yẹn. Ẹni tó bá fi fọ ọ̀bẹ nílé wa, ìpẹtà ló ń wá."

Mo tẹ ìka tèmi bọ̀ ọ́, mo lá a, mo dijú kí n lè gbọ́ adùn rẹ̀ dáadáa. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Kò pọ̀, ó wà lábẹ́, bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi ẹ̀rọ là ń rà mu, ti kànga la fi ń fọ nǹkan, a kò bi ara wa léèrè rí. Kànga ìyá-ìyá mi jìnnà sí òkun, omi tirẹ̀ dùn; mo gbé òfin kànga ibẹ̀ wá síbí láìgbé omi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó dúró sí mi létí lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ti omi. Gbogbo ayé ló ń bi mí ìgbà tí màá lọ. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló wá dúró nínú àgbàlá mi, ó ní mo ti pẹ́ níbí débi pé ahọ́n mi kò mọ iyọ̀ ibẹ̀ mọ́.

Ó ní àgbá òun kún fún omi òjò, pé ká wá máa bù ú. Mo ní ṣé kò ní ni ín lára. Ó ní, "Òjò kò ní ìwé ìgbélùú. Ẹ máa bù ú." Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí mi, ó sọ ohun tó ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ti ń tọ́ ọmọ tirẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀ burúkú nípa àwọn àlejò ìlú nídìí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìyá kò lè gbé e mì. Ó ní òun ti fi ọmọ-orógùn gbá a lọ́wọ́, bó ṣe tó yẹn, ṣùgbọ́n òun kò mọ ojú tí òun á fi wò mí. Ìdí tó fi ń mi orí nìyẹn. Mo ní èmi rò pé ó kórìíra mi ni. Ó ní èmi náà kò sì béèrè. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Ó jẹ́ mi.

Ìgbà òjò ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àgbá rẹ̀ kò tó wa, ni mo bá kó ọjà mi jáde. Gbogbo abọ́ ńlá tí mo fẹ́ tà, mo tò ó yí ilé ká lábẹ́ etí páànù, òdòdó inú wọn ń wo ojú ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ pé omi tó bá kọ́kọ́ ṣàn bọ́ láti orí páànù, ká dà á nù, torí afẹ́fẹ́ òkun ti gbé iyọ̀ sórí páànù kó tó rọ̀. Èyí tó bá tẹ̀lé e ni ká gbè. Bí òjò bá dé, abọ́ á máa dún ní oríṣiríṣi ohùn, kékeré ń ké, ńlá ń hùn. Ọkọ mi wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbòjò, ó ní, "Ta lò ń pàtẹ fún lójú ọ̀run?"

A tún ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a má ṣe da omi lé ewú lórí, torí ògiri á tún gbé e mì. Búrọ́ọ̀ṣì onírin la fi ń gbọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, a ó gbá a jáde, kí a tó fi omi òjò fọ ògiri. Tí òjò bá dá, a ó ṣí gbogbo fèrèsé. Tí ó bá pẹ́ kó tó dá, màá gbé àdògán èédú sáàárín pálọ̀, a ó bọ́ síta jókòó. Láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ṣì wà, ó fi ahọ́n kan ògiri. Ó ní kí èmi náà kàn án. Ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ ní òun kò ṣe, ó ní irú èwo nìyẹn, nígbà tó yá, òun gan-an ló ń lá a káàkiri, á pariwo láti yàrá pé, "Màmá, ibí yìí ti dùn! Tọ̀hún ṣì níyọ̀!"

Àwọn tó ń kọjá rí wa. Ìròyìn lọ yí àdúgbò ká pé ebi ti ń pa àwọn Ànàgó débi pé wọ́n ti ń lá ilé wọn. Wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, àwọn obìnrin méjì tó wá fi wá ṣẹlẹ́yà sì dúró, wọ́n béèrè bí a ṣe ń ṣe é, torí ewú wà lára ògiri tiwọn náà. Láti ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tó ní orí. Wọ́n ń béèrè ògiri. Kò sí ẹni tó béèrè ọjọ́ tí à ń lọ nígbà tó ń wo inú bókẹ́ẹ̀tì mi.

Mo ń wo ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa gbé abọ́ omi, ó ní kí ẹ̀yìn má baà dùn mí. Lẹ́yìn náà, ó gun àkàbà, ó ń fọ òkè tí ọwọ́ wa kò tó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń palẹ̀ mọ́ wá béèrè ọjọ́ tí a ó jọ lọ; mo gbọ́ ọ tó ń dá wọn lóhùn pé ògiri òun kò tíì gbẹ. Ọ̀kan ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ògiri lo fẹ́ gbé dání lọ sílé ni?" Ó kàn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan lára wọn lọ lóòótọ́. A sin wọ́n dé ibùdókọ̀, ó dùn wá.

Òjò ń lọ sópin nígbà tí mo wọlé láti ọjà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ọkọ mi nìkan ní pálọ̀, ó ti bọ́ fìlà, ó fi ahọ́n kan ògiri. Ó kàn án níbí, ó sún, ó tún kàn án lọ́hùn-ún. N kò wú ikọ́. Nígbà tó yíjú rí mi, kò tijú.

Ó ní, "Kò níyọ̀."

Akunlé wá, ó yí gbogbo yàrá ká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri, ó ní òun kò rò pé a máa ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ òtítọ́ fún wa, ó ní iyọ̀ kò lè tán pátápátá nínú ilé tí a fi yanrìn òkun kọ́, pé bó pẹ́ bó yá, ẹsẹ̀ ògiri á tún mú díẹ̀ jáde. Kí a má ṣe fòyà, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a fọ̀ ọ́, kí a tún un kùn. Ó dí ojú ihò, ó dán an, ó kun àkọ́kùn. Àkọ́kùn yẹn, funfun ni, ó ṣàn bí omi ògì, kò sì ní ẹwà kankan, ṣùgbọ́n ògiri gbà á mọ́ra wọ̀ọ̀, kò ta á nù. A jókòó, a ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn lẹ́yìn ibà.

Àkọ́kùn kò tíì pẹ́ lára ògiri tí ẹlòmíràn fi wá ra ilé. Oníṣòwò ni, ó ti gbọ́ ìròyìn ògiri wa, ó fọwọ́ pa á, ó ní irú èyí lòun ń wá, òun á mú owó wá lọ́la. Ó ní kí a tilẹ̀ má wulẹ̀ kun ọ̀dà tó kù, òun mọ àwọ̀ tó wu òun. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìn mi, ó di aṣọ mi mú bí ìgbà tó wà ní kékeré. Ọkọ mi ń wo ògiri.

Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Òjò ni ìyàwó mi fi wẹ ilé yìí. N kò lè jókòó sí ibòmíràn kí n máa ronú pé ta ló ń yan àwọ̀ fún un."

Ọkùnrin náà rò pé owó ló ń fà. Ó fi kún un. Ọkọ mi fún un ní omi mu, ó sin ín jáde. Nígbà tó padà wọlé, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ tó fi di aṣọ mi mú. Ó ní, "Ìwọ, kí ló dé tí n kò gbọ́ kí o máa kàwé sí ògiri létí mọ́? Ṣé ó ti gba bac tirẹ̀ ni?"

Bí a ṣe dúró nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló yan àwọ̀, àwọ̀ ẹyin, mo sì rò pé ó ti pọ́n jù, títí di òní. Ó tún ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin mi ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó yege. Ẹ̀gbọ́n mi yan ẹja ńlá kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e wá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó pè mí ní Tantie, mo ní kó wọlé. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ìlú tán síbẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀rù bà wá, a tún tilẹ̀kùn mọ́rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹsẹ̀ ògiri kan sì ń hu ewú díẹ̀ lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí akunlé ṣe sọ, a sì ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ìbọn tí wọ́n yìn lẹ́yìn ìdìbò, ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ọdún ògiri, dákẹ́, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà, àwọn ọmọ mi ti di àgbà. Ọmọbìnrin mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gba ilé tuntun ní ìhà Songon, lẹ́bàá ọ̀sà. Wọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ wò ó. Sìmẹ́ńtì ṣì ń rùn lára rẹ̀, wọ́n kó bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi jáde, wọ́n ní kí n yan èyí tí wọ́n máa kùn, àwọn náà ti ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ká a padà sápò ná.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹni tó wà ní ilé kejì. Ẹ bi í léèrè irú omi tó wà nínú ilẹ̀ ibí. Ibi tí ẹ bá máa gbé àgbá yín sí lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ tirẹ̀ náà á lè dé. Tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù yín."